Ọ̀rọ̀ Mẹ́jọ Tó Wà Láàárín

Inú ti ń bí mi kí n tó dé ilé Màmá lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi, ooru ń fẹ́ sí mi lójú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè. Kò kí mi. Kò béèrè ọmọ, kò béèrè iṣẹ́. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé Màmá kíákíá, pé wọ́n nílò ọ̀rọ̀ mẹ́jọ mi. Ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ mi ni wọ́n nílò, kì í ṣe èmi fúnra mi. Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń dá sọ̀rọ̀ lójú pópó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́.

Kí n tó máa bá ìbínú mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ náà jẹ́. Aago ni bàbá wa ń tún ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohunkóhun tó bá kéré tó sì gbọ́n ló máa ń wù ú. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí ra owó kírípítò, owó tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, Bàbá rà lára rẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ní ojú tín-ín-rín kan àti bọ́tìnnì méjì, pé inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ owó náà yóò máa gbé. Ìgbín ló sọ ọ́, nítorí pé bí àjèjì bá fọwọ́ kàn án, ṣe ló ń wọnú ìkarahun lọ. Ẹni tí yóò ṣí i gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Ìgbín yóò nu gbogbo inú ara rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Tó bá di bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún kan ló lè gbé owó náà dìde nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ náà pé, òun ló ni owó. Bàbá kò kọ wọ́n sílẹ̀. Ó pín wọn fún wa bí a ṣe tẹ̀lé ara wa: ẹ̀gbọ́n mi gba mẹ́jọ àkọ́kọ́, èmi gba mẹ́jọ tó wà láàárín, àbúrò wa gba mẹ́jọ ìkẹyìn, a sì há wọn sórí. Nọ́ńbà Ìgbín, Màmá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òfin Bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ àfi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó pẹ̀lú Màmá, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, tí kò sí etí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, àga Bàbá ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Káfíńtà ni. Ó lè kan irú àga tó bá wù ú, ti Bàbá nìkan ni ìdí rẹ̀ ń yún un sí. Alága la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ìpàdé tí kì í darí, kódà bó jẹ́ ti ẹni méjì. Àbúrò wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Onígbàjámọ̀ ni, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà tó bá dìde, síbẹ̀ Kékeré la ń pè é láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n. Màmá wà lórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ sí igun pálọ̀. Ó yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá, kì í ṣe sí mi.

Ojú Màmá ni ìdí gbogbo rẹ̀. Awọ funfun ti bo ọ̀tún, òsì náà kò sì rí ju òjìji lọ. Dókítà ojú ti fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó ní bí a bá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, òun kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ti òsì mọ́. Owó gbọ́dọ̀ wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, inú Ìgbín ni owó sì wà. Àmọ́ fóònù Alága, tí áàpù tí a fi ń rán owó jáde nínú Ìgbín wà lórí rẹ̀, ti já sínú garawa fáníìṣì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ra òmíràn, ṣùgbọ́n Ìgbín kì í bá fóònù tuntun sọ̀rọ̀ àfi tí èèyàn bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ṣí i.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti dán an wò lánàá. Wọ́n gbé Ìgbín lé Màmá lọ́wọ́. Màmá ní Bàbá sọ pé kí òun má sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í tẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún ṣì í. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lánàá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń rìn wá sílé mi láti ibẹ̀. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi pè mí. Alága ní kò tíì tó ohun tí wọ́n ń pe èèyàn sí nígbà yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Alága ní kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń wẹ Màmá, tó ń kán oògùn sí i lójú láràárọ̀, òun ló wá di àjèjì. Ó jáde. Alága ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kékeré pa fèrèsé, ó fa kọ́tìnì. Lẹ́yìn èyí ni Alága gbé fóònù rẹ̀ tuntun sórí tábìlì àárín, ó tẹ sípíkà, ohùn ọkùnrin kan sì kí wa láti inú rẹ̀. Ó ní a kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹbí rere. Ohùn rẹ̀ dán bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Mo béèrè ẹni tó jẹ́. Alága ní àwọn tó ń ran oní-nǹkan bí Ìgbín lọ́wọ́ ni, pé òun fúnra òun lòun wá nọ́ńbà wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì kọ́kọ́ jáde. Ó ti ro gbogbo wàhálà wa fún un, títí kan ojú Màmá. Ọkùnrin náà ti ṣàlàyé pé a kò nílò nọ́ńbà mọ́. Tí a bá ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún náà fún òun, òun yóò so Ìgbín mọ́ áàpù láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Mo ní Bàbá sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí etí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Ẹlòmíràn dà?" Alága bi mí. "Wo yàrá yìí. Ta lo rí?"

Mo wo yàrá yíká. Àwa mẹ́rin ni mo rí. Kí n sọ òótọ́, èsì rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí Bàbá ń ṣòfin yẹn, etí tó ń rò kò ju èyí tó wà lára orí èèyàn lọ. A ti lé ìyàwó ilé síta, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ afẹ́fẹ́, a wá tẹ́ àjèjì gidi sórí tábìlì láàárín wa.

Alága ka mẹ́jọ tirẹ̀. Ọkùnrin náà ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó parí, mo tún ìjókòó mi ṣe, mo tún ọ̀fun ṣe, torí èmi ló kàn. Alága na àtẹ́lẹwọ́ sí mi bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Kékeré, máa sọ tìẹ," ó wí. "Ti obìnrin lè gbẹ̀yìn."

Ó sọ fún ọkùnrin inú fóònù pé kó fi àyè mẹ́jọ sílẹ̀ láàárín, pé a ó padà wá dí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ óò mọ ohun tó gba àyà mi kọjá. Èmi ni mo tẹ̀lé Alága. Èmi ni mo pọ̀n Kékeré, èmi ni mo fọ ìdí rẹ̀, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Nínú gbogbo nǹkan tí Bàbá pín láyé rẹ̀, kékeré ni o, ńlá ni o, kò fò mí rí. Alága wá jókòó sórí àga ọkùnrin yẹn kan náà, ó ń fò mí dá bí ẹni fo gọ́tà.

Kékeré wò mí. Mo wò ó padà. Ó tẹrí ba, ó ka mẹ́jọ tirẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni Alága wá rántí mi, ó ní ó yá. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó kọ́kọ́ rò pé mo gbàgbé ni. Ó ní kí n fara balẹ̀ rò ó. Mo ní n kò gbàgbé ohunkóhun, mo lè kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló tẹ̀lé yín nínú ilé yìí?" mo bi í.

Ó ní kí ni ìyẹn já mọ́ níbi tí a wà yìí. Mo ní àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níwájú Màmá, níwájú Kékeré, níwájú ọkùnrin tó ń gbọ́ wa yẹn, pé èmi ni mo tẹ̀lé òun. Tí kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ náà kò ní kúrò lọ́fun mi. Ó gbá tábìlì débi tí fóònù fi ta sókè. Ó ní ṣé tìtorí ẹni tó ṣáájú ni mo ṣe fẹ́ kí ìyá wa fọ́jú. Ó ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà.

Òwe yẹn. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń fi dí mi lẹ́nu. Ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kì í gbọ́ òwe kankan. Èmi tí mo ké pé ó ń dùn mí ni wọ́n ń pa á fún. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ rí, mi ò fẹ́ mọ́.

Ọkùnrin inú fóònù dá sí i. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí, ó pè mí ní ìyá rere, ó ní díẹ̀ ló kù, pé ojú Màmá ni kí n wò. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀rọ àwọn fẹ́ tì, pé bó bá tì báyìí, owó wa lè há síbẹ̀ títí ayé. Alága ń làágùn. Kékeré ń pè mí ní Àǹtí mi, Àǹtí mi. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìpariwo. Ó na ọwọ́ kó lè di tèmi mú, ẹsẹ̀ tábìlì ló dì mú, ó sì rọra ń fọwọ́ pa á, ó rò pé èmi ni.

Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo yọ ọwọ́ rẹ̀ lára igi, mo fi ọwọ́ mi sí i. Mo sọ fún ara mi pé kí n ka ọ̀rọ̀ yìí, kí n gbé ìjà mi dọ̀la. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo la ẹnu.

Ọkùnrin náà kò mọ̀, torí kò rí wa. Sùúrù, baba ìwà, ti tán lọ́wọ́ òun náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún Alága, "ẹ gbá obìnrin yẹn létí kó sọ̀rọ̀, ẹ jàre. Irú wọn kì í gbọ́ àfi tí wọ́n bá jẹyà."

Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi lè bú mi láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà lọ́nà tí n kò tíì rí láti ìgbà èwe wa, nígbà tí ọmọ kan fà mí nírun ládùúgbò, tí ọmọ náà sì kábàámọ̀.

"Ta lo ní kí n gbá létí?" Alága bi í.

Ọkùnrin náà ní àwàdà lòun ń ṣe, ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká parí iṣẹ́.

"Àbúrò mi lò ń pè ní irú wọn? Nínú ilé bàbá ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ohùn tó dán náà bọ́ sílẹ̀. Ó bú Alága, ó bú wa títí kan ẹni tó bí wa, ó ní ká jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú agídí wa, ká máa wo ìyá wa títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́ tán. Ó sì gé fóònù.

Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá," ó wí, "olè ni."

Alága dìde lórí àga Bàbá. Ó dà bí ẹni pé kò mọ ibi tí yóò jókòó sí mọ́, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìbínú mi yóò rọ̀ tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, kò rọ̀ rárá. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani, mo sì sọ ọ́ fún un lójú. Mo ní ó ti fi ojú Màmá ta ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ obìnrin tó ní kó gbẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Kékeré ní kí a gbé ìjà jù sílẹ̀. Olè náà ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́, yóò máa fi ẹ̀rọ wá àwọn tó kù. Kò ní rọrùn fún un, àmọ́ a kò mọ ohun tó ní. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ ṣí Ìgbín kíákíá, ká kó owó kúrò níbẹ̀. Gbogbo wa sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà ku títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, bí a bá ṣì í, Ìgbín yóò nu ara rẹ̀ nù, olè yóò máa wá ọ̀rọ̀ lọ, àwa yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹ̀rọ mìíràn tí a ó fi ọ̀rọ̀ wa gbé owó dìde, a ó máa bá a sáré.

Màmá ti nu ojú rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọkùnrin méjèèjì bọ́ síta. Alága yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n lọ dúró ti ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá fa etí mi mọ́ ẹnu, ó sọ nọ́ńbà náà. Ó ní àwọn yòókù ti tú tiwọn dà nù, ẹni tí nǹkan ṣì wà níkùn rẹ̀ lòun ń fún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi lánàá, kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Mo ní kí wọ́n pè ẹ́," ó wí. "Wọ́n ní inú tètè máa ń bí ẹ."

Mo gbé Ìgbín sábẹ́ iná. Bọ́tìnnì ọ̀tún ń gbé nọ́ńbà sókè, tòsì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, méjèèjì pọ̀ ni èèyàn fi ń gbà á wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ṣi Màmá lọ́nà. Ṣe ló ń ka títẹ̀ láti òdo, bẹ́ẹ̀ Ìgbín kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Olójú yóò wò ó, yóò mọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú kò lè mọ̀, bó ti wù kó mọ nọ́ńbà tó. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Mo tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ìgbín lajú.

Mo pè wọ́n wọlé. Kékeré gbé áàpù gidi sórí fóònù tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí Ìgbín fúnra rẹ̀, ó sì tan búlútùùtù. Orúkọ Ìgbín jáde. Nọ́ńbà kan hàn lójú fóònù, òmíràn hàn lójú Ìgbín. Ó ka tirẹ̀ sókè, mo ka tèmi, wọn kò yàtọ̀ síra. Mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀, áàpù ní àwọn ti so pọ̀. Ó parí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ wa, ìbáà ṣe ẹyọ kan. Inú tún bí mi lákọ̀tun. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ láti àná kò ju ẹni tí yóò yá Màmá lójú, mo sì wà nílé mi, mo ní ojú méjì.

A san ti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kékeré wá sáré jáde lọ ra ẹ̀rọ mìíràn tí a ó kó ìyókù sí. Alága ṣì wà lórí ilẹ̀. Ó wá bi mí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé olè ni?"

Mo lè purọ́ o. Mo lè sọ pé ohùn rẹ̀ ló fu mí lára, kí n di ọlọ́gbọ́n ilé títí ọjọ́ ikú mi.

"N ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá," mo dá a lóhùn. "Inú ló ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi."

Màmá rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn.

Nígbà tí Kékeré dé, a rí i pé ẹ̀rọ tuntun ní ọ̀rọ̀ tuntun tirẹ̀, àfi ká há wọn sórí kí owó tó wọ ibẹ̀. Alága dìde. Ó gba fóònù Kékeré, ó gba tèmi, ó mú tirẹ̀ náà, ó kó wọn lọ sórí àpótí kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wojú rẹ̀ bóyá ó ṣì í gbọ́ ni. Ó tún un pè, ó ní kó wá jókòó ti Màmá. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa.

Ó ka mẹ́jọ tirẹ̀ sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Kékeré ló dúró sún mọ́ ọn jù, ó ti na ọwọ́ díẹ̀. Alága kọjá lára rẹ̀, ó rìn wá sí ìdí ibùsùn níbi tí mo wà, ó na ẹ̀rọ náà sí mi.

"Ìwọ ló kàn," ó wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní n kò gbọ́.

Ó gbójú sókè, ó tún un wí, Màmá àti ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí há mẹ́jọ mi sórí.